Ẹni tí Kò Mọ̀ àti Ẹni tí Kì í Sọ

Àwọn àgbà ní inú ẹni ni orúkọ tí a ó sọ ọmọ ẹni ń gbé. Bí ayé bá ti dúró bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ àṣírí ì bá má ṣòro: ẹni tó ni ín ni ì bá máa gbé e kiri nínú ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Atakpamé lónìí, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò baccalauréat ní ọ̀rọ̀ aṣínà kan fún àpótí lẹ́tà rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ní òmíràn fún Facebook, òmíràn fún ìforúkọsílẹ̀ ní yunifásítì, àti nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ fún owó orí fóònù, yálà Flooz tàbí Mixx. Ọ̀rọ̀ aṣínà yìí, tí a ń pè ní mot de passe lédè Faransé, ti pọ̀ ju ohun tí inú ènìyàn kan lè gbà lọ. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò nìyí: bí inú ẹni kò bá gba àṣírí ẹni mọ́, ta ni ó tọ́ kí a gbé e fún?

Ọ̀nà mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbà. Àwọn kan ń lo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún gbogbo ilẹ̀kùn. Bí olè bá jí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ níbi tí ìṣọ́ kò ti le, yóò gbé e lọ dán wò ní gbogbo ilẹ̀kùn yòókù. Àwọn mìíràn ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé tí wọ́n ń gbé kiri nínú báàgì. Àwọn tó kù ń sọ ọ́ fún ẹlòmíràn: ọ̀rẹ́, ìbátan, tàbí ẹni tó ń ta káàdì ní ẹ̀bá ọ̀nà, tó bá wọn tún fóònù ṣe. Ohun tó wà nínú ewu kì í sì í ṣe owó nìkan. Ẹni tó bá gba àpótí lẹ́tà mi lè fi orúkọ mi yá owó lọ́wọ́ àwọn ará ilé mi, ó sì lè ka ohun tí ẹni tó finú hàn mí kọ sí mi. Àṣírí mi kì í ṣe tèmi nìkan. Nítorí náà, bí a ṣe ń tọ́jú ọ̀rọ̀ aṣínà jẹ́ ọ̀ràn ìwà, kì í ṣe ti ẹ̀rọ lásán.

Ọ̀nà kẹrin wà. Àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ti ṣe ohun tí a lè pè ní olùtọ́jú ọ̀rọ̀ aṣínà, gestionnaire de mots de passe lédè Faransé. Àpótí kan ni. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò hun ọ̀rọ̀ gígùn fún ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, tí ọ̀kan kò ní jọ èkejì, yóò sì tò wọ́n pamọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, tí n ó pè ní ọ̀rọ̀ àgbà, ni ẹni tó ni àpótí yóò máa fi sórí. Ẹni tó bá gbọ́ èyí yóò kọ́kọ́ fòyà, ìfòyà náà kò sì gọ̀. Àgbẹ̀ wo ló ń kó gbogbo iṣu rẹ̀ sí abà kan, tí yóò sì fi kọ́kọ́rọ́ lé àlejò lọ́wọ́?

Kí a tó dá a lóhùn, ó yẹ kí a mọ̀ pé oríṣi méjì ni ẹni tí a lè gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹni àkọ́kọ́ mọ̀, kò sì sọ. Bẹ́ẹ̀ ni alájọ rere ṣe rí: ó mọ iye tí olúkúlùkù dá ní ọjà, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò ròyìn ẹnikẹ́ni. Ẹni kejì kò mọ̀, nítorí náà kò ní ohun tí yóò sọ. Ìwà ni ó ń dáàbò bo àṣírí lọ́wọ́ ti àkọ́kọ́. Lọ́wọ́ ti èkejì, àìmọ̀ ni. Ilẹ̀ Tógò ti ṣe Òfin 2019-014, ti ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá 2019, láti dáàbò bo ìsọfúnni nípa ara ẹni, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ṣẹ̀ ni òfin ń bá wí. Kò lè sọ etí tó ti gbọ́ di etí tí kò gbọ́.

Àwọn baba wa mọ irú ẹni kejì yìí, nítorí wọ́n ń pa àrokò. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá fi ẹyọ owó mẹ́fà ránṣẹ́, ẹ̀fà náà ni yóò sọ pé ọkàn òun fà sí ẹni tí a fi í ránṣẹ́ sí. Bí ẹni náà bá dá mẹ́jọ padà, ó ní àwọn méjèèjì jọra. Ìránṣẹ́ tí kò gbọ́ èdè wa lè gbé e kọjá odò mẹ́ta láìmọ ohun tó wà lọ́wọ́ òun. Síbẹ̀ àrokò ní àbùkù kan. Ní 1887, G. W. Bloxam tẹ ìtumọ̀ àrokò mélòó kan jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, nínú ìwé ìròyìn àjọ àwọn onímọ̀ ẹ̀dá ènìyàn. Láti ọjọ́ náà, àjèjì tó bá ka ìwé yẹn lè ka irú àrokò bẹ́ẹ̀. Àṣírí tó bá dúró lórí pé aráyé kò mọ bí a ṣe ń dì í, ọjọ́ tí wọ́n bá mọ̀ ni yóò tú.

Olùkọ́ èdè kan ní Paris, Auguste Kerckhoffs, ti kọ nípa ọ̀rọ̀ yìí ní 1883 nínú Journal des sciences militaires. Ohun tó fi kọ́ni ni pé kí a ṣe àdììtú wa lọ́nà tó jẹ́ pé, bí ọ̀tá tilẹ̀ mọ gbogbo bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, kọ́kọ́rọ́ nìkan ṣoṣo tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ yóò tó láti dá a dúró.

Ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Ní Kamina, ní ìtòsí Atakpamé níbí, àwọn ará Jámánì kọ́ ibùdó rédíò ńlá kan tó ń bá Nauen, lẹ́bàá Berlin, sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ inú afẹ́fẹ́ kò ní ògiri. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ lè gbọ́ ọ. Nítorí náà, nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àṣírí kò sí lára òpó irin gíga, inú ìwé àdììtú ló wà. Lóru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ 1914, bí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé ti ń bọ̀, àwọn ará Jámánì fúnra wọn wó òpó Kamina lulẹ̀. Ní ọjọ́ 26, wọ́n túúbá. Ní ọjọ́ 26 yẹn kan náà, ọkọ̀ ogun wọn, Magdeburg, rì mọ́ ilẹ̀ nínú òkun Baltic. Àwọn ará Rọ́ṣíà rí ìwé àdììtú àwọn ọmọ ogun ojú omi gbà níbẹ̀, wọ́n sì fún Gẹ̀ẹ́sì ní ẹ̀dà kan ní oṣù kẹwàá. Nípasẹ̀ rẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń ka ọ̀rọ̀ tí àwọn ọkọ̀ ogun Jámánì ń bára wọn sọ. Òpó tó wó ní Kamina pa ohùn lẹ́nu mọ́ ni. Ìwé kan tó bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá ló tú àṣírí.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí LastPass, ọ̀kan nínú àwọn olùtọ́jú tí òkìkí wọn kàn. Ní oṣù kẹjọ 2022, olè wọ ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà ti ń ṣe ẹ̀rọ wọn. Ní oṣù kejìlá, ilé-iṣẹ́ náà kéde pé a ti ṣe ẹ̀dà àpótí àwọn oníbàárà lọ. Àdírẹ́sì àwọn ojú-ewé tí oníbàárà ń lò kò sí ní àdììtú, olè sì rí wọn kedere. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀ aṣínà wà ní àdììtú, ilé-iṣẹ́ náà kò sì ní ọ̀rọ̀ àgbà ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹni tí ọ̀rọ̀ àgbà rẹ̀ gùn tó sì le, ó ṣòro gan-an kí olè tó rí àpótí rẹ̀ ṣí. Ẹni tó fi orúkọ ọmọ rẹ̀ ṣe é, òun fúnra rẹ̀ ló fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ láìtì. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́.

Nípa báyìí, ìbéèrè mẹ́ta ni kí a bi olùtọ́jú kí a tó gbà á sílé. Èkíní: bí mo bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àgbà mi, ṣé ìwọ fúnra rẹ lè ṣí àpótí mi? Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ó mọ̀ ju bó ti yẹ lọ. Èkejì: ṣé àwọn ẹlòmíràn lè wo bí a ṣe kàn ọ́? Ẹni tó ní kí a gba òun gbọ́ ṣùgbọ́n tí kò jẹ́ kí a wo inú iṣẹ́ òun, ìbúra lásán ló fún wa. Ẹ̀kẹta: ní ọjọ́ tí mo bá fẹ́ lọ, ṣé màá lè kó ẹrù mi?

Mo mọ méjì tó dáhùn dáadáa. KeePass, tí Dominik Reichl ti Jámánì bẹ̀rẹ̀ ní 2003, kò gba owó; orí ẹ̀rọ ẹni ni àpótí rẹ̀ ń gbé, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tó bá wa lára mu ní ibi tí owó dátà wọ́n. Ní 2010, ANSSI, àjọ ìjọba Faransé fún ààbò kọ̀ǹpútà, fún ẹ̀dà 2.10 rẹ̀ ní ìwé ẹ̀rí. Lórí fóònù Android, KeePassDX lè ṣí àpótí kan náà. Bitwarden ni èkejì: gbogbo ayé lè wo bí a ṣe kọ ọ́, ó sì ń gbé àpótí láti fóònù dé kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá yan KeePass gbọ́dọ̀ fi ẹ̀dà kan sórí clé USB, nítorí bí fóònù bá sọnù, àpótí bá a lọ. Ọ̀rọ̀ àgbà ńkọ́? Kí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà tí wọn kò bára wọn tan, tí a ṣà bí ẹni ta ayò. Kí ó má ṣe jẹ́ òwe, nítorí gbogbo ayé ló ni òwe.

Àgbàlagbà kan lè sọ pé èyí ń sọ wá di aráyé tí kò fọkàn tán ara wọn mọ́. N kò rò bẹ́ẹ̀. Bí mo bá sọ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ mi fún àbúrò mi, tí owó sì pòórá, n ó fura sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Àìmọ̀ ń gba ọmọlúàbí lọ́wọ́ ẹ̀sùn.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí ẹ̀rọ kò lè dé. Ẹni tí kò mọ̀ kò lè ṣàánú. Bí ikú bá dé lójijì, àwọn ọmọ olóògbé yóò dúró lẹ́nu àpótí, àpótí kò sì ní mọ̀ wọ́n yàtọ̀ sí olè. Nítorí náà, kí a kọ ọ̀rọ̀ àgbà sórí ìwé, kí a dì í, kí a sì fi í sọ́wọ́ ẹnì kan tó lè mọ̀ láìsọ. A lè yan ẹ̀rọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan pẹ̀lú ìbéèrè mẹ́ta. Ẹni yìí, ọdún pípẹ́ ni a fi ń wo ìwà rẹ̀ kí a tó yàn án. Ẹni tí kò bá sì tíì rí i, kí ó tètè bẹ̀rẹ̀ sí í wò.