Nígbà Tí Oúnjẹ Bá Di Ẹ̀rù

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ń bọ́ gbogbo ẹ̀dá. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad. Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, ẹ jẹ́ kí á páyà Rẹ̀ lórí àwọn ọmọ tí Ó fi sọ́wọ́ wa.

Ní oṣù ààwẹ̀ tó kọjá, bàbá kan wá bá mi (ó ti yọ̀ǹda kí n sọ ọ́). Inú rẹ̀ ti kọ́kọ́ dùn pé ọmọbìnrin òun kì í jẹ sààrì, omi nìkan ló sì fi ń ṣínu. Ìtara ẹ̀sìn ni ó pè é. Ìgbà tí ọmọ náà dákú nídìí àlùwàlá ni dókítà dárúkọ àìsàn rẹ̀: anorexia. Ìrònú ni ó ń bá jà; ẹni tó ti rù kan eegun yóò ṣì máa bẹ̀rù pé òun sanra. Ó ń ṣe ọkàn lọ́ṣẹ́, ó sì ń pani. Ẹ má pè é ní fáàrí.

Bàbá náà béèrè pé: "Àfáà, ṣé n kò ní dẹ́ṣẹ̀ bí mo bá ní kí ó má gba ààwẹ̀?" Ọlọ́hun ti yọ̀ǹda fún aláìsàn nínú Súrà Al-Baqarah, ẹsẹ 184 àti 185. Ààwẹ̀ sì ni kí èèyàn fi ohun tí ọkàn rẹ̀ ń fẹ́ sílẹ̀ nítorí Ọlọ́hun. Ẹni tí àìsàn ti sọ oúnjẹ di ẹ̀rù fún, kí ni ó fi sílẹ̀?

Èmi náà ṣì í níbì kan. Mo ní kí wọ́n ro àmàlà, kí wọ́n dúró tì í títí yóò fi jẹ ẹ́ tán. Dókítà ló dá wa lẹ́kun: ẹni tí kò jẹun kánú fún ìgbà pípẹ́, bí a bá kó oúnjẹ fún un lójijì, ọkàn rẹ̀ lè dáṣẹ́ sílẹ̀. Ìwọ̀n ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀.

Sàábé Salman bá Abu Darda lẹ́nu ààwẹ̀ nọ́fílà. Ó ní òun kò ní fọwọ́ kan oúnjẹ àfi bí àwọn méjèèjì bá jọ jẹ ẹ́, ó sì là á yé e pé ẹ̀mí ènìyàn ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Ànábì jẹ́rìí sí i.

Bàbá wa yìí ń ti ṣọ́ọ̀bù ní aago méjì ọ̀sán báyìí, kí ó lè jẹun pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Kì í ka òkèlè fún un. Àwa ará àdúgbò ló kù. Nígbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà ń kún bọ̀, ẹnìkan kí i pé, "O mà ti sanra o, màṣáállà!" Ọjọ́ méjì ni kò fi jẹun. Ẹ béèrè ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sílẹ̀.

Wọ́n ní kí ẹ bá àwọn tọrọ àlàáfíà. Ẹ má béèrè orúkọ.