Ọ̀lẹ Ni, Tàbí Aláìsàn?

Ibi Kíkà: Jóòbù 2:11–13; 4:1–8; I Àwọn Ọba 19:1–9

Bí ẹsẹ̀ ọmọ kan bá dá, tí a sì fi igi dì í, kò sí olùkọ́ tí yóò ní kí ó wá sáré ìje. Gbogbo wa ni a rí igi náà. Ṣùgbọ́n àìsàn kan wà tí a kò lè fi ojú rí. Ibà ti lọ, ikọ́ ti dáwọ́ dúró, ọmọ ti ń jẹun, síbẹ̀ agbára rẹ̀ kò padà. Báwo ni ó ti yẹ kí Kristẹni ṣe ìdájọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀? Ìbéèrè tí ó wà níwájú wa nìyí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ohun tí èmi fúnra mi ṣe. Ní ọdún 2021, ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún 14, wà ní kíláàsì tí mo ń kọ́. Ní àkókò ìsinmi, ibà àti ikọ́ dá gbogbo ilé wọn dùbúlẹ̀, wọn kò sì gbọ́ òórùn ohunkóhun fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tí a wọlé, ọmọ tí ó máa ń dáhùn ìbéèrè ṣáájú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbé orí lé tábìlì. Ohun tí mo kọ́ ọ ní àná, ó ti gbàgbé rẹ̀ lónìí. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sáré níbi ìdíje eré ìdárayá, tẹ̀rín tọ̀yàyà. Ní ọjọ́ Ajé, kò wá. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò wá. Nígbà tí ó dé ní Ọjọ́rú, mo pè é ní ọ̀lẹ lójú gbogbo kíláàsì. Mo ní, “Ìwọ tí o sáré ní Jímọ̀, kí ni ó ṣe ọ́ tí o kò lè wá jókòó?” N kò dúró gbọ́ èsì. Mo ní kí ó lọ gé koríko. Kò gé e dé ìdajì tí ó fi jókòó sílẹ̀ nínú oòrùn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni kò fi lè wá sí ilé ìwé.

Ìyá rẹ̀ wá bá mi. Kò bá mi jà. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Tíṣà, ọmọ yìí kì í ṣe ọ̀lẹ. Òun ni ó ń pọnmi fún gbogbo ilé kí àìsàn yìí tó dé.” Ìkúnlẹ̀ rẹ̀ dùn mí ju èébú lọ, nítorí èmi ni ó yẹ kí n máa bẹ̀ ẹ́.

Kí ni àwọn oníṣègùn mọ̀ nípa ọ̀ràn yìí? Kòkòrò àrùn tí à ń pè ní fáírọ́ọ̀sì lè lọ, kí ìpalára rẹ̀ má tíì lọ. Ní ti àrùn kòrónà, tí ó wọ Nàìjíríà ní oṣù kejì ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe àlàyé ní ọdún 2023 pé ó lè fi àárẹ̀ sílẹ̀ lára àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ fún oṣù méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn fáírọ́ọ̀sì mìíràn náà a máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ara èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ náà ń yá pátápátá; ṣùgbọ́n ti àwọn kan a máa pẹ́. Àmì pàtàkì kan sì wà nínú irú àárẹ̀ tí ó pẹ́ bẹ́ẹ̀: bí ọmọ bá lo agbára ju èyí tí ó ní lọ, ìyà rẹ̀ kì í sábà dé lójú ẹsẹ̀. Ó lè di ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, kí ó sì dá a dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Nítorí náà, ohun tí mo fi ṣe ẹ̀rí ọ̀lẹ gan-an ni ó jẹ́ ẹ̀rí àìsàn.

Ẹ tún wo ibà Lassa, tí a ti mọ̀ ní ilẹ̀ wa láti ọdún 1969, tí ó sì ń yọ àwọn ará Ìpínlẹ̀ Oǹdó lẹ́nu. Ó máa ń di etí àwọn kan nínú àwọn tí ó bá yè é. Bí olùkọ́ bá pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tí kò dáhùn, a ó ní àfojúdi ni.

Àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá ti ṣe irú àṣìṣe yìí. Ní ọdún 1955, àìsàn kan bẹ́ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn Royal Free ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó mú òṣìṣẹ́ 292, a sì ti ilé ìwòsàn náà pa fún ìgbà díẹ̀. Ní ọdún 1970, oníṣègùn méjì kọ̀wé pé ìpayà ọkàn lásán ni. Àkọsílẹ̀ ni wọ́n kà. Wọn kò yẹ ẹyọ kan nínú àwọn aláìsàn náà wò. Àwọn àgbà ní, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Kí ni a ó wá pe ẹni tí kò gbọ́ ti ẹnikẹ́ni kí ó tó dájọ́?

Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù bẹ̀rẹ̀ dáradára. Ọjọ́ méje ni wọ́n fi bá a jókòó láìsọ̀rọ̀. Ìgbà tí wọ́n la ẹnu láti sọ ìdí àìsàn rẹ̀ ni wọ́n ṣìnà, nítorí wọ́n fi ohun tí wọn kò mọ̀ dá ọ̀rẹ́ wọn lẹ́bi.

Ẹnìkan lè béèrè pé, “Bí a bá ń gba gbogbo ohun tí ọmọ wí gbọ́, ṣé àwọn ọ̀lẹ kò ní sọ ọ́ di àwáwí?” Òtítọ́ ni pé ọ̀lẹ wà. Ṣùgbọ́n ọ̀lẹ a máa sá fún iṣẹ́, kì í sá fún eré. Ọmọ tí àárẹ̀ yìí mú, àti iṣẹ́ àti eré ni ó ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a kò bá sì lè mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kí a wọn àṣìṣe méjèèjì wò. Bí a bá ṣàánú ọ̀lẹ, iṣẹ́ ọjọ́ mélòó kan ni a pàdánù, a sì lè gbà á padà. Bí a bá jẹ aláìsàn níyà, a pa á lára, a sì tún kọ́ ọ pé òtítọ́ kò wúlò lẹ́nu òun.

Ẹ rántí Èlíjà lábẹ́ igi. Ọlọ́run jẹ́ kí ó sùn, ó sì fún un ní oúnjẹ lẹ́ẹ̀mejì, kí ó tó bi í ní ìbéèrè kankan. Iṣẹ́ dé lẹ́yìn náà. Ìsinmi kò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ mú ọmọ tí ó ń rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí àìtó ẹ̀jẹ̀ àti àwọn àrùn mìíràn náà ń fa àárẹ̀. Ẹ má ṣe wá ẹ̀ṣẹ̀ ìkọ̀kọ̀ sí i lọ́rùn. Ẹ gbàdúrà fún un, kí ẹ sì jẹ́ kí olùkọ́ rẹ̀ mọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ yọ̀ǹda rẹ̀ kúrò nínú koríko gígé àti eré sísá. Bí ìdajì ọjọ́ ni agbára rẹ̀ mọ, ẹ gba ìdajì náà, kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá a kọ ìyókù.

Ọmọbìnrin náà tún kíláàsì náà kà. Ojú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni mo ti pè é ní ọ̀lẹ, nítorí náà ojú wọn ni mo ti tọrọ àforíjì. Ó dárí jì mí. Ṣùgbọ́n ọdún tí ó sọnù náà, tí èmi pẹ̀lú lọ́wọ́ nínú rẹ̀, n kò lè dá a padà.

Ìbéèrè fún Ìjíròrò

1. Ta ni a ti pè ní ọ̀lẹ nínú ilé wa tàbí nínú ìjọ wa láìbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀?

2. Kí ni àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù ìbá ṣe ní ọjọ́ kẹjọ?

3. Ìrànlọ́wọ́ wo ni kíláàsì wa lè ṣe ní ọ̀sẹ̀ yìí fún ọmọ tí àìsàn dá dúró sí ilé?