Ìbínú àti Ìkanra

Bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ bá béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ pé kí ni "angry", yóò dáhùn pé, ẹni tí inú ń bí ni; bí ó bá béèrè "annoyed", ìdáhùn kan náà ni yóò gbà; bí "irritated" bá sì tún tẹ̀lé e, a ó ní kí ó jókòó. Ẹnìkan lè rò pé èdè wa tòṣì ní ọ̀nà yìí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwa olùkọ́ ni a kò wá a dé ibi tí ó wà.

Bí ẹ̀fọn bá ń kùn sí wa létí lóru, ó ń yọ wá lẹ́nu. A kì í wí pé ẹ̀fọn ṣẹ̀ wá. Bí a bá jẹ ẹ̀bà láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, yóò sú wa, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀bà náà kò bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó rẹ́ wa jẹ ni a ń bínú sí, nítorí ìbínú a máa ní ẹ̀ṣẹ̀ tí ó ń tọ́ka sí, ìbáà ṣe òtítọ́, ìbáà ṣe àṣìṣe. Ìkanra kò ní irú rẹ̀. Láti inú ara ẹni ni ó ti ń wá, láti inú àárẹ̀, ebi, tàbí oorun tí kò tó. Ẹ sì kíyèsí i pé a kì í kanra sí ènìyàn, a ń kanra mọ́ ọn ni, bí ẹni pé ẹnikẹ́ni tí ó bá wà nítòsí ni yóò rù ú.

A jẹ́wọ́ èyí láti inú ìrírí ara wa. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ àwọn ọkọ̀ akẹ́rù dá wa dúró ní Sàngó-Ọ̀tà fún wákàtí méjì. Nígbà tí a dé kíláàsì, ọmọ kan béèrè ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì, a sì nà án, a wí fún un pé òun ni ó mú wa bínú. Irọ́ ni a pa. Ọmọ náà sì gbà á gbọ́, ó ń tọrọ ìdáríjì fún ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá. Lójú wa, èyí burú ju pàṣán lọ.

Nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń kìlọ̀ fún àwọn baba nípa ọmọ wọn, nínú Éfésù 6:4 àti Kólósè 3:21, ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó lò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé "provoke" kan náà ni Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611 fi bẹ̀rẹ̀ méjèèjì. Ti Éfésù ni mímú ọmọ bínú gan-an; ti Kólósè jẹ́ títọ́ ọmọ ṣáá láìsinmi, ìrẹ̀wẹ̀sì ni Pọ́ọ̀lù sì wí pé ó ń bí.

Ọmọ tiwa kò bínú sí wa rárá. Ó kàn dákẹ́ ni. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó tó tún na ọwọ́ sókè, lẹ́yìn tí a ti pè é sọ́tọ̀, tí a sì wí fún un pé ìkanra ni, àti pé tiwa ni.