Àkúnlẹ̀yàn Ọmọ Ọdún Mẹ́rìndínlógún

A kúnlẹ̀, a yan ẹ̀dá, a dé ayé tán, ojú ń kán wa. Ọ̀rọ̀ àgbà yìí ni ó máa ń sọ sí mi lọ́kàn nígbàkúùgbà tí sáà họ́kì orí yìnyín àwọn ọ̀dọ́ bá parí ní ilẹ̀ Kánádà àti Amẹ́ríkà, tí àwọn akọ̀wé eré ìdárayá jókòó láti gbé e yẹ̀wò, tí wọ́n ka iye ìdíje tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan borí, tí wọ́n ka iye góòlù tí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbá wọlé, tí wọ́n sì wá fi orúkọ àwọn tí yunifásítì ti gbà kádìí ọ̀rọ̀ nílẹ̀. Orúkọ wọ̀nyí ni wọ́n fi ń díwọ̀n ire sáà. Èmi náà a máa kà wọ́n, inú mi a sì máa dùn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan kì í jẹ́ kí n lè pa ìwé náà dé: ọmọ tí kò tí ì pé ogún ọdún, níbo ni ó ti rí ìmọ̀ tí yóò fi yan ọ̀nà tí kò ní lè padà nínú rẹ̀ mọ́?

Kí ẹni tí kò rí eré yìí rí lè bá mi lọ, yìnyín ni wọ́n fi tẹ́ pápá rẹ̀. Ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 200, ó sì fẹ̀ tó 85. Ènìyàn mẹ́fà mẹ́fà ni ó ń kojú ara wọn, ọ̀kan nínú mẹ́fà ń ṣọ́ ilé, bàtà tí irin mímú bí abẹ wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ni gbogbo wọn wọ̀, ọ̀pá tí ó tẹ̀ ní ìdí ni ó sì wà lọ́wọ́ wọn. Ohun tí wọ́n ń lé kiri kì í ṣe bọ́ọ̀lù. Rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ kan ni, tí kò tó àtẹ́lẹwọ́, tí wọ́n ti kó sínú fíríìsà kí eré tó bẹ̀rẹ̀, nítorí bí kò bá dì gbagidi, fífò ni yóò máa fò kiri dípò kí ó máa yọ̀ lórí yìnyín. Bí wọ́n ti ń fi òtútù tọ́ rọ́bà kí ó tó wúlò, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ń tọ́ ọmọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún yóò fi ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀, yóò lọ sí ìlú tí kò dé rí, yóò máa gbé lọ́dọ̀ ìdílé tí kò bá a tan. Obìnrin tí kì í ṣe ìyá rẹ̀ ni yóò gbé oúnjẹ alẹ́ pamọ́ dè é títí ọkọ̀ ẹgbẹ́ yóò fi gúnlẹ̀ ní ọ̀gànjọ́ òru. Àwa tí a mọ bí ó ti rí láti gbé lọ́dọ̀ alágbàtọ́ nítorí ẹ̀kọ́ ìwé mọ̀ pé irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ a máa dùn, a sì máa há ènìyàn lọ́fun.

Ìlú Penticton, ní ìpínlẹ̀ British Columbia, ni n óò fi ṣe àpẹẹrẹ. Àárín adágún omi méjì, Okanagan àti Skaha, ni ìlú náà wà, ibi tí ènìyàn ń gbé títí láé ni wọ́n sì máa ń túmọ̀ orúkọ rẹ̀ sí láti inú èdè àwọn onílẹ̀ ibẹ̀. Síbẹ̀ ọmọ tí ó bá wá gbá họ́kì níbẹ̀ kì í pẹ́: ọdún kan, ọdún méjì, ó ti lọ. Ní sáà 2022 sí 2023, ẹgbẹ́ Penticton Vees gbá ìdíje 54 nínú líìgì BCHL, wọ́n borí nínú 50, wọ́n sì gba ife ẹ̀yẹ mọ́ ti ọdún tí ó ṣáájú. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan wà nínú wọn, Josh àti Bradly Nadeau, tí wọ́n ti New Brunswick ní ìlà-oòrùn Kánádà wá. Àmì 113 ni Bradly, tí ó jẹ́ àbúrò, kó jọ, 110 ni ti Josh, ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tí líìgì ńlá NHL ń yan àwọn ọ̀dọ́ ní ọdún náà, àbúrò ni ẹgbẹ́ Carolina mú ní ipò ọgbọ̀n, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì jọ gba yunifásítì Maine lọ. Ọdún kan péré ni àbúrò lò níbẹ̀ kí Carolina tó gbà á síṣẹ́.

Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó gba irú Penticton kọjá nígbà náà, tí wọ́n sì fi líìgì WHL tí ó lókìkí ju BCHL lọ sílẹ̀, nítorí ilẹ̀kùn kan. Líìgì mẹ́ta, OHL, WHL àti QMJHL, ni ó para pọ̀ di CHL ní Kánádà. Nítorí pé wọ́n ń fún àwọn ọmọ ní owó ìnáwó díẹ̀, tí àwọn kan láàrin wọn sì ti tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú NHL, àjọ NCAA, tí ń ṣàkóso eré ìdárayá àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, ka gbogbo wọn sí agbowó-ṣeré, wọ́n sì sé ilẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá bá wọn gbá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tí ó bá ẹgbẹ́ OHL kan gbá ìdíje méjì péré nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ìdíje ìdánrawò tí a kì í kà mọ́ ti líìgì. Méjì yẹn ni ó fi pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀. Oṣù Kẹjọ ọdún 2024 ni wọ́n gbé ọ̀ràn rẹ̀ lọ sí ilé ẹjọ́ ní Buffalo.

Àwọn kan yóò sọ pé òfin ni òfin, pé ọmọ tí ó fi sùúrù kọ owó àti òkìkí CHL sílẹ̀ kò yẹ kí ó máa wo ẹni tí ó jẹ níhìn-ín tí ó tún jẹ lọ́hùn-ún. Ọ̀rọ̀ wọn kò ṣófo. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá gé igi nínú igbó, àgbà ni ó mọ ibi tí yóò wó sí, àgbà tí ó sì dúró tí ọmọdé, tí ó ń wo àáké rẹ̀ bí ó ti ń bọ́ sí ara igi, tí kò sọ̀rọ̀, kò lè yọ ọwọ́ ara rẹ̀ nínú ọ̀ràn nígbà tí igi bá wó.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ilé Àjàlá, alámọ̀ tí í mọ orí. Ìtàn tí àwọn baba Ifá ń sọ ni pé ọ̀rẹ́ mẹ́ta, Oríṣẹ̀ẹ́kú, Orílèémèrè àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà, ń ti ọ̀run bọ̀ wá sí ayé, wọ́n sì gba ilé Àjàlá lọ láti yan orí. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kò bá Àjàlá nílé, wọn kò sì dúró. Wọ́n mú orí tí ó tóbi, tí ó dán, láìmọ̀ pé kò jiná nínú iná, òjò sì jẹ ẹ́ lójú ọ̀nà. Afùwàpẹ́ ni ó dúró. Iyọ̀ àti owó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kọ́ adènà bí a ti ń fi iyọ̀ se ọbẹ̀, ó san gbèsè tí ó lé Àjàlá gun àjà, Àjàlá fúnra rẹ̀ sì bá a yan orí tí ó jiná. Ohun tí mo rí nínú ìtàn yìí ni pé Afùwàpẹ́ kò fi ojú gbọ́n ju àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ. Wọ́n ti bá a dá Ifá kí ó tó gbéra. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ mọ òfin NCAA, tí ó lè fi owó wá agbaninímọ̀ràn, Afùwàpẹ́ ni. Ọmọ awakọ̀ tí ẹnì kan pè pé kí ó wá gbá ìdíje méjì kí wọ́n wo ẹsẹ̀ rẹ̀, Oríṣẹ̀ẹ́kú ni. Ọ̀run ni ó ni ti Àjàlá, a kò lè bá a ṣẹjọ́. Ṣùgbọ́n ènìyàn ni ó kọ òfin NCAA, ènìyàn tí ó bá sì sọ òfin ọwọ́ ara rẹ̀ di àyànmọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ ti gba iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Àwọn baba wa sì sọ ti ẹsẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n ní gbogbo orí péjọ, wọ́n gbìmọ̀, wọn kò pe ẹsẹ̀, wọn kò sì rí ẹni tí yóò gbé ìmọ̀ náà lọ sí ibi tí yóò ti ṣẹ. Ẹni tí ó bá rí ọmọ tí ń kọ́ họ́kì ní òwúrọ̀ kùtù, tí ó tẹ orúnkún ba, tí irin àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ń ha yìnyín ṣàà, ṣàà, tí ó ṣubú, tí ó dìde, kò ní bi mí léèrè ohun tí ẹsẹ̀ ń ṣe nínú àyànmọ́. Àwọn kan sì wà tí ara wọn kò tètè gbó, tí ó jẹ́ pé ní ogún ọdún ni agbára wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ọdún mẹ́rin yunifásítì ni irú wọn nílò jù, pẹ̀lú ìwé tí yóò dúró lẹ́yìn wọn bí eegun bá ṣẹ́.

N kò lè sọ̀rọ̀ eré yìí fún Yorùbá kí n má dárúkọ Jarome Iginla, Adékúnlé ọmọ Igi ńlá, ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá láti Nàìjíríà, tí a bí ní Edmonton ní ọdún 1977. Igi ńlá tí gbòǹgbò rẹ̀ wà nílẹ̀ wa, tí ẹ̀ka rẹ̀ ń gba yìnyín lókèèrè! Kamloops ni ó ti gbá ti ọ̀dọ́ nínú WHL, ó bá wọn gba Memorial Cup, ife ẹ̀yẹ CHL, ní 1994 àti 1995, ó gba wúrà Òlíńpíìkì ní 2002 àti 2010, ó sì gbá góòlù 625 wọlé nínú NHL. Ọ̀nà tí ó tọ̀ ti sé ti yunifásítì mọ́ ọn. Ó yege, a sì dúpẹ́. Síbẹ̀ nígbà tí ó kan àwọn ọmọ tirẹ̀, Jade, ọmọbìnrin rẹ̀, gbá fún yunifásítì Brown, Tij, ọmọkùnrin rẹ̀, sì gba WHL títí ẹgbẹ́ Utah nínú NHL fi mú un ní ipò kẹfà ní 2024. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, nínú ilé kan náà pàápàá.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, NCAA dìbò láti ṣí ilẹ̀kùn náà fún àwọn ọmọ CHL, ó sì ṣí ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ ọdún 2025. Ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà ni Gavin McKenna ti ẹgbẹ́ Medicine Hat nínú WHL yan yunifásítì Penn State. Òfin tuntun yìí dára. Àwọn tí ọjọ́ orí wọn ti kọjá kí ó tó dé, kò ṣí fún wọn. Nítorí náà mo bẹ ẹ̀yin tí ń gbé sáà yẹ̀wò: bí ẹ bá ti to orúkọ àwọn tí yunifásítì gbà tán, ẹ kọ ti ọmọ ogún ọdún tí ó gbá ìdíje ìkẹyìn rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò pè, ẹ kọ ìlú tí ó ti wá àti iye sáà tí ó lò, kí ẹ tó pa ìwé dé.