Ẹja Kì í Ráhùn

Ẹ bi àwọn tó ń sin ẹja nínú àpótí gíláàsì, tí wọ́n gbin ewé síbẹ̀, pé ìgbà mélòó ló yẹ kéèyàn máa pààrọ̀ omi. Ìdáhùn wọn kò ní í bára mu. Àwọn kan á ní ọ̀sẹ̀ kan kò gbọdọ̀ kọjá láì gbọ́n ìdámẹ́rin omi náà dànù, kí ẹ sì fi tuntun dípò. Àwọn tó ń tẹ̀lé Diana Walstad, obìnrin ará Amẹ́ríkà tó kọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1999, á ní bí ewé bá pọ̀, tí ẹja ò sì pọ̀ jù, oṣù lè gorí oṣù kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án. Tọ̀tún tòsì ló ní ẹja alààyè tí wọ́n lè nàka sí. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ náà ju ti sáyẹ́ǹsì lọ. Gbèsè wo la jẹ ẹ̀dá tí a tì mọ́lé?

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú omi yẹn ná. Nínú odò, ìdọ̀tí tó bá jáde lára ẹja, omi á gbé e lọ. Nínú gíláàsì, inú ìdọ̀tí náà ló ti ń mí. Ammonia ló ń jáde lára rẹ̀, májèlé sì ni. Àwọn bakitéríà tó ń gbé ara yẹ̀pẹ̀ àti òkúta á sọ ọ́ di nitrite, tí òun náà burú. Àwọn mìíràn á sọ nitrite di nitrate, èyí tí ẹja lè fara dà díẹ̀. Ewé náà ń fa ammonia àti nitrate mu, bí àgbàdo ṣe ń jẹ ajílẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kò sí ọ̀kankan nínú wọn tójú lè rí. Omi lè mọ́ gaara bí omi àmù kó sì máa pa ẹja lọ. Omi mìíràn á pọ́n bíi tíì nítorí ewé gbígbẹ tó wà nínú rẹ̀, ara á sì tu ẹja níbẹ̀.

Nílé wa n'Ìbàdàn, láàárín Ọjà'ba sí Bẹẹrẹ, gíláàsì kọ́ lẹ ó sábà rí. Táǹkì oníke tàbí kòtò onísìmẹ́ńtì lẹ́yìnkùlé ni, ẹja àrọ̀ ló sì máa ń wà nínú rẹ̀. Ẹ bá olówó ẹja sọ̀rọ̀ omi, ẹ ó gbọ́: "Ṣé wọ́n kú ni?" Wọn ò kú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àrọ̀ ní ohun kan nínú orí tó fi ń mí afẹ́fẹ́ tààrà. Ẹ wò ó bó ṣe ń yọjú sókè, tó ń gbé e mì, tó tún ń padà sísàlẹ̀. Ẹ ju epìyà sínú omi kan náà, bóyá ni ilẹ̀ á fi mọ́ bá a. Pé àrọ̀ lè fara dà á kò sọ omi náà di omi rere. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń wí nípa ọmọ iṣẹ́ tó ń sùn ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀: "Kò kúkú ráhùn." Àbí ta ló fẹ́ ráhùn fún?

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe. Iṣẹ́ tó bá ti ń padà wá, a máa ń kọ ọ́ kó máa ṣe ara rẹ̀: ní Sátidé, ní aago méjì òru, kó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n server ní ẹnu. Bí ibi ìpamọ́ rẹ̀ bá ti ń kún, á ránṣẹ́ sí wa, á pariwo títí ẹnìkan á fi dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹja ò ní irú ẹnu bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí mi ò fi fojú tín-ín-rín àwọn ọlọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Òfin wọn le, kò mọ ẹja kan yàtọ̀ sí èkejì, ṣùgbọ́n ó ń gba ẹja lọ́wọ́ ọ̀lẹ wa. Ẹni tó ní "èmi máa ń wojú omi ni", ọjọ́ wo ló wò ó kẹ́yìn?

Ẹni tó bá fẹ́ fi omi sílẹ̀ pẹ́, òun ni kó mú ẹ̀rí wá. Bébà ìdánwò omi wà, ó ń yí àwọ̀ padà. Bí nitrate bá lọ sílẹ̀, tí ammonia àti nitrite kò sí rárá, ó dáa, ẹ fi omi sílẹ̀ kó pẹ́ sí i. Bí ẹ ò bá wọ̀n ọ́n, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Kò yẹ kó jẹ́ ẹja la máa dúró dè kó fi ikú jẹ́rìí.

Òótọ́ ni pé pípààrọ̀ náà lè má jẹ́ ìtọ́jú. Ní ẹsẹ̀ òkè Màpó, ilé fún mọ́ ilé, kànga àti ṣáláńgá kò jìnnà síra. Nitrate láti inú ṣáláńgá lè gba abẹ́ ilẹ̀ dé kànga. Ẹni tó ń pọn irú omi bẹ́ẹ̀ sínú táǹkì lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ lè máa fi kún ohun tó fẹ́ dín kù. Nítorí náà, ẹ wọn omi kànga náà. Omi ẹ̀rọ ìjọba, níbi tó bá ti ń yọ, lè ní chlorine, ìyẹn sì ń pa àwọn bakitéríà tó ń ṣiṣẹ́ fún yín. Ẹ pọn ọ́n sílẹ̀ láìdé di ọjọ́ kejì.

Omi àtijọ́ ńkọ́? Gọ́tà la sábà ń dà á sí, gọ́tà á gbé e lọ sí Kúdẹtì tàbí Ògùnpa, ó di ti ẹlòmíràn nísàlẹ̀. Ẹ dà á sídìí ewédú. Nitrate tí a ń lé jáde fún ẹja ni ewédú ń wá.

Àwọn tí kò fẹ́ pààrọ̀ rárá máa ń tọ́ka sí Robert Warington ní Lọ́ńdọ̀nù, tó fi ẹja méjì àti ewé sínú ohun èlò kan, tí omi sì dúró dáadáa. Wọn kì í sábà sọ pé ewé náà kọ́kọ́ jẹrà, tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, kí ọkùnrin náà tó wá ìgbín omi tí yóò máa jẹ ewé jíjẹrà. Ìgbín náà ò dá rìn wọlé.

Bí ẹ bá fẹ́ ewé tó lágbára, ojú oró ni kẹ́ ẹ wá. Anubias tí wọ́n ń tà káàkiri ayé, tó jẹ́ ewé etí odò tiwa ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, lẹ́wà, ṣùgbọ́n ó ń rọra dàgbà, kì í jẹun púpọ̀. Ojú oró yára. Tó bá ti bo ojú omi, ẹ kó ìdajì rẹ̀ jáde, nítorí bó bá jẹrà síbẹ̀, gbogbo ohun tó fà mu náà ló máa dá padà fún ẹja.