Èwo Ni Ká Pa, Èwo Ni Ká Dá Sí?

Púpọ̀ nínú wa tí a ń gbé Awoyaya àti agbègbè rẹ̀ ni a ń sin adìẹ díẹ̀ sẹ́yìn ilé: àgbébọ̀ mélòó kan, àkùkọ kan, àti àwọn òròmọdìẹ tó ń sá kiri lórí iyanrìn. Lójú ẹlòmíràn iṣẹ́ kékeré ni, ṣùgbọ́n ìbéèrè ńlá wà nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè dá gbogbo adìẹ rẹ̀ sí. Oúnjẹ kò ní tó, àyè kò ní gbà wọ́n, àwọn àkùkọ yóò sì máa bá ara wọn jà. Dandan ni kí á yàn. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí á máa yan èyí tí yóò yè àti èyí tí yóò kú? Bí ó bá tọ́, kí ni kí á fi ṣe òṣùwọ̀n?

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo bí a ti ń yàn láìronú. Bí Kérésìmesì bá dé, tàbí tí àlejò pàtàkì bá wọlé, èwo ni à ń mú? Èyí tó sanra jù, tó tètè dàgbà jù ni. Bí owó ilé-ẹ̀kọ́ bá sì dé, èyí tí yóò mówó gidi wá náà ni à ń gbé lọ sọ́jà. Àwọn rírẹ̀dòdò ló kù sílé, àwọn náà ni yóò yé, tí yóò sì pamọ. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta mẹ́rin, a óò ní ilẹ̀ yìí kò gba adìẹ, tàbí pé ọ̀tá ló ń ṣe wá. Inú ìkòkò ọbẹ̀ wa ni ìdí ọ̀rọ̀ náà wà. Nítorí náà, yíyàn kọ́ ni ó burú. Kí ọ̀fun máa bá wa yàn ni ó burú.

Ẹni tó ń ronú yóò kọ́kọ́ wo àkùkọ, nítorí pé gbogbo òròmọdìẹ inú agbo ni ó ní ìdajì ara rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àkùkọ. Ọ̀kan tó dára tó àgbébọ̀ mẹ́wàá. Lẹ́yìn bí ọdún kan, kí á bá arábìnrin mìíràn pààrọ̀ rẹ̀, kí ó má baà máa gun àwọn ọmọ rẹ̀. Kí á ya àlejò náà sọ́tọ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó dàpọ̀ mọ́ tilé, nítorí lùkúlùkú tó máa ń jà nígbà ọyẹ́, àti àìsàn adìẹ tí òyìnbó ń pè ní bird flu, tó wọ Nàìjíríà ní ọdún 2006. Kí á sì máa gba abẹ́rẹ́ àjẹsára fún wọn.

Ẹ̀wẹ̀, kí á má fi ẹwà yàn. Adìẹ abọ́lọ́rùn, tí kò níyẹ̀ẹ́ lọ́rùn, ẹ̀sín ni lọ́jà, owó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń dá lé e. Ṣùgbọ́n ọrùn tó ṣí sílẹ̀ náà ni ooru fi ń jáde lára rẹ̀, tí ó fi ń fara da oòrùn ju àwọn tí ìyẹ́ bò lọ. Ní Abẹ́òkúta, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Adébáḿbọ̀, obìnrin bí i tiwa, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ kò kẹ́gàn adìẹ ìbílẹ̀. Láti ara rẹ̀ ni wọ́n ti yan ẹ̀yà tí à ń pè ní FUNAAB Alpha, tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 2018.

Kí á má sì fi nǹkan kan ṣoṣo yàn. Adìẹ àgíríìkì lè yé tó ẹyin ọ̀ọ́dúnrún lọ́dún, ṣùgbọ́n nítorí pé ẹyin nìkan ni wọ́n ń wò nígbà tí wọ́n ń yan àwọn ìyá rẹ̀, kò mọ sísàba mọ́. Tiwa kò yé tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ yóò jókòó lé ẹyin fún ọjọ́ 21, yóò sì dojú ìjà kọ àwòdì nítorí ọmọ. Ohun tí a kò bá kà sí nígbà tí a bá ń yàn, díẹ̀díẹ̀ ni yóò parẹ́.

Èyí tí a kò yàn ńkọ́? A jẹ ẹ́ ní gbèsè. Kí ó jẹun, kí ó mumi títí di ọjọ́ ikẹ́yìn. Kí á má gbé e kọ́ dòdò lẹ́sẹ̀ láti ọjà délé. Kí ọ̀bẹ mú, kí ọwọ́ yá. John Wesley tìkara rẹ̀, nínú ìwàásù kan, kọ́ni pé àwọn ẹranko náà ní ìpín nínú àánú Ọlọ́run.

Ohun kan ló kù, òun ló sì wúwo jù. Ẹ̀yìnkùlé ni kí ojú tí a fi ń yan adìẹ mọ, kí á má mú un wọ yàrá. Àwa ìyá kan wà tí à ń rán ọmọ tó já fáfá lọ sílé-ẹ̀kọ́, tí à ń gbé igbá ọjà lé orí èyí tí orí rẹ̀ kò tètè gbà á. Bí èyí tó rẹwà bá ń sọ̀rọ̀, à ń tẹ́tí. Èkejì, à ń jágbe mọ́ ọn. Ọmọ kì í ṣe adìẹ. Kò sí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, a kò sì fún ẹnikẹ́ni ní àṣẹ láti yọ ọ̀kan sílẹ̀. Ọmọ burúkú pàápàá lọ́jọ́ tirẹ̀, áńbọ̀sì ọmọ tí kò ṣe ibi, tó kàn lọ́ra.

Kí Olúwa fún wa ní ọgbọ́n láti yàn níbi tí yíyàn gbé tọ́, àti ìfẹ́ tí kì í yàn níbi tí kò gbé tọ́. Àmín.