Àtúnṣe àti Ìdákẹ́

Ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí gbogbo Kristẹni tí ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́, àti gbogbo ẹni tí ń gbé iṣẹ́ fún oníṣẹ́, máa bi ara rẹ̀: nígbà tí ohun kan bá gbó, tí a kò sì ní agbára láti ra titun, ẹ̀ṣẹ̀ ha ni bí a bá lẹ̀ ẹ́ pọ̀ kí ó lè sìn wá síwájú díẹ̀ sí i? Àwọn kan a máa dáhùn pé ẹ̀ṣẹ̀ ni; àwọn mìíràn a ní ọgbọ́n àtijẹ ni. Ní ojú tiwa, kò sí èyí tí ó tíì dé ìdí ọ̀rọ̀ náà nínú wọn. Ẹ jẹ́ kí a fi ohun kékeré kan yẹ̀ ẹ́ wò, èyí tí a ń rí lójoojúmọ́ ní ọgbà àwọn mẹkáníìkì ní Ṣómólú àti Bàrígà, èyíinì ni tánkì omi mọ́tò.

Ẹ́ńjìnnì mọ́tò a máa gbóná púpọ̀, omi tí a pò mọ́ kóláǹtì ni ó sì ń yí i ká láti tù ú. Omi lásán a máa hó nígbà tí ooru rẹ̀ bá dé 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ṣùgbọ́n nítorí pé a dé tánkì náà pinpin, ó lè tó nǹkan bí 120 kí ó tó hó. Ike ni a fi ṣe tánkì yìí nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò òde-òní. Bí ó ti ń gbóná tí ó sì ń tutù fún ọdún mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àwọ̀ rẹ̀ a pọ́n, ara rẹ̀ a gan, yóò sì là tín-ínrín níbi tí a ti so ó pọ̀. Àwọn tí ó ní ọkọ̀ eré sísá Porsche Boxster ti àkọ́kọ́, èyí tí a ṣe láti 1996 dé 2004, mọ èyí dájú: nínú búùtù ẹ̀yìn ni tánkì rẹ̀ wà, omi a sì máa jò sí abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì níbi tí ojú kò dé.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ó wà. A lè ra titun, bí ó tilẹ̀ wọ́n, tí a sì lè ní láti ránṣẹ́ sí òkè òkun. A lè ra tòkunbọ̀ ní ọjà Ládiípò ní Muṣin, ṣùgbọ́n irú ooru kan náà ti jẹ nínú ara rẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. A sì lè fi gọ́ọ̀mù dí ojú ibi tí ó là, títí ooru yóò fi tún ṣí i. Tálákà tí ó lẹ tánkì tirẹ̀, tí ó ń wò ó ní òwúrọ̀ gbogbo, tí ó sì gbé kẹ́ẹ̀gì omi sínú mọ́tò rẹ̀, kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Àwa kò rí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí ń sọ àtúnṣe di èké ni ìdákẹ́. Mẹkáníìkì tí ó fọ tòkunbọ̀ títí ó fi ń dán, tí ó sì gba owó titun. Ẹni tí ó lẹ tánkì, tí ó ní òun ti pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ń ta mọ́tò, tí ó rọ omi kún un ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí oníbàárà ń bọ̀: tánkì kan náà ni, gọ́ọ̀mù kan náà ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti gba ìmọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí yóò ru ewu náà.

Ẹnìkan lè wí pé òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Bí òun bá sọ òtítọ́, oníbàárà yóò kọjá sí ọgbà kejì. Àwa kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣẹ̀sín, nítorí owó ilé àti owó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ń dúró de oníṣẹ́. Ṣùgbọ́n àríyànjiyàn náà kì í ṣe ti òní. Cicero ará Róòmù, nínú ìwé tí ó kọ nípa ojúṣe ènìyàn ní ọdún 44 ṣáájú ìbí Olúwa wa, ròyìn àwọn amòye méjì. Diogenes ní ẹni tí ń tajà kò jẹ gbèsè ju kí ó sọ àbùkù tí òfin ní kí ó sọ. Antipater ní gbogbo ohun tí òǹtajà mọ̀ ni ó yẹ kí òǹrajà mọ̀. Ti Antipater ni Cicero sì ṣe. Bí ẹni tí kò gbọ́ Ìhìnrere bá lè rí èyí, àwa tí a gbọ́ ńkọ́?

Ẹ ro ti ìyá tí ó gbé àwọn ọmọ sínú mọ́tò, tí ó gba Ọ̀wọ̀rọ̀ńṣókí gun afárá Third Mainland ní alẹ́. Afárá náà, tí a parí ní 1990, gùn ju kìlómítà 10 lọ. Bí tánkì bá bẹ́ lórí ọ̀sà níbẹ̀, ta ni yóò dáhùn? Ẹ sì ro ti ọmọ iṣẹ́ tí ó di tọ́ọ̀ṣì mú fún ọ̀gá rẹ̀. CMS Grammar School, tí a dá sílẹ̀ ní 1859, wà ní Bàrígà, a sì ń yọ̀ nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ ni ọgbà mẹkáníìkì pẹ̀lú. Tánkì lè gbó lẹ́ẹ̀kan sí i, a ó sì pààrọ̀ rẹ̀. Irọ́ tí ọmọ náà bá kọ́ lónìí ni yóò fi kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́la.

Ẹ má sì jẹ́ kí a di gbogbo ẹrù lé mẹkáníìkì lórí. Ẹni tí ó ná owó iṣẹ́ títí kò fi tó owó tánkì mọ́, tí ó sì ń fẹ́ kí ó pẹ́ bí titun, òun náà ń ti oníṣẹ́ sínú èké.

Pọ́ọ̀lù kìlọ̀ fún àwọn ará Kólósè, ní orí kẹta, nípa iṣẹ́ àrójúṣe. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ fi tánkì tí ó yọ han ẹni tí ó ni mọ́tò. Ní Ṣómólú, níbi tí àwọn onítẹ̀wé pọ̀ sí, ìwé rìsíìtì kò ṣọ̀wọ́n. Kí ó kọ ọ́ sínú rẹ̀ kedere bóyá titun ni, bóyá tòkunbọ̀ ni, bóyá ó lẹ̀ ẹ́ ni. Kí ẹni tí ń sanwó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó sọ òtítọ́ fún un, àní bí òtítọ́ náà bá ná an ní owó. Kí Olúwa fún wa ní ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́, àti ẹnu tí kì yóò bo àbùkù iṣẹ́ náà mọ́lẹ̀. Àmín.